Ọdún 2025: Nídìí Ẹṣin Ni Mo Wà

Nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí lọ, nǹkan mẹ́ta ni mo kọ sẹ́yìn ìwé mi pé mo fẹ́ ṣe ní 2025: kí n yege ìdánwò ìṣirò tó ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan, kí n lè gun ẹṣin fo igi ìdènà, kí n sì yé purọ́ fún màmá mi.

Ẹ jẹ́ n ti orí irọ́ bẹ̀rẹ̀. Odindi ọdún méjì ni Màmá fi gbà pé iṣẹ́ dókítà ẹranko ni mò ń kọ́ ní England níbí. Ìmọ̀ ẹṣin àti ìtọ́jú rẹ̀ ni mò ń kà: oúnjẹ rẹ̀, eegun rẹ̀, ilé tó ń sùn, bí wọ́n ṣe ń mú un gùn, owó tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni wá, ẹṣin kì í ṣe nǹkan tuntun lójú Màmá. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ ní January, ó dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Ọmọ mi, àwọn tó ń fa ẹṣin lọ́jọ́ Ọjúde Ọba, yunifásítì wo ni wọ́n lọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Òru ọjọ́ kan ní February ló fún mi ní èsì.

Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nílé ẹṣin lóru ọjọ́ náà. Omi ti dì nínú garawa gbogbo ẹṣin. Mo fi ìdí fọ́ọ̀kì tí à ń fi kó koríko fọ́ yìnyín ojú rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Mi ò wò ó bóyá Barney, ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin náà, mu omi, mi ò sì kọ ohunkóhun sínú ìwé tí à ń kọ ọ́ sí. Nígbà tó di aago mẹ́ta òru, Barney ń fi pátákò ha ilẹ̀, ó ń yíjú wo ẹ̀gbẹ́ ikùn ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá léjìká láti ẹ̀yìn. Koríko gbígbẹ tí mo kó fún un wà bó ṣe wà. Mo gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù ọkàn sẹ́yìn ìgúnpá òsì rẹ̀: 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ẹṣin tó fara balẹ̀ wà láàárín 28 sí 44. Mo gbé e sí ikùn. Ikùn ẹṣin tí ara rẹ̀ le máa ń kùn bí ìkòkò ẹ̀kọ tó wà lórí iná. Ti Barney ò dún.

Ẹṣin kì í bì. Ẹnu àpòlúkù rẹ̀ le débi pé ohun tó bá ti wọlé, ọ̀nà ìdí nìkan ló lè gbà jáde. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí, wọ́n sì fún mi ní máàkì lórí rẹ̀, àmọ́ àṣé mi ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí dókítà ki rọ́bà gígùn bọ imú ẹṣin náà títí ó fi dé àpòlúkù, tó ń da omi àti iyọ̀ Epsom tó ń mú inú rọ̀ sí i, ló tó yé mi. Koríko gbígbẹ ti dí ìfun nítorí pé kò rí omi mu tó. Ọ̀gá wa, obìnrin tó dàgbà ju Màmá lọ, tí gbogbo ènìyàn ń pe orúkọ mọ́ lórí àmọ́ tí ẹnu mi kọ̀, "Mà" ni mo ń pè é, kò bú mi. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka sí àlàfo tó yẹ kí n kọ nǹkan sí. Ìbá kúkú bú mi.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, Barney su. Mo fò sókè, mo kígbe, mo sì pe Màmá.

Mo yege ìdánwò ìṣirò náà, àmọ́ máàkì rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Ní ti fífo igi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo já bọ́ ní May. Wọ́n ní ẹṣin kì í dáni ká má tún un gùn. Ẹni tó pa òwe yẹn ò sọ iye ọ̀sẹ̀ tí ìbàdí fi ń dùn èèyàn.

Nígbà Iléyá, mo wo Ọjúde Ọba lórí fóònù. Tẹ́lẹ̀, aṣọ àti fìlà ni mo máa ń wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ẹṣin tí ìjánu ń fà ni mò ń wò, pẹ̀lú òógùn ọrùn wọn, mo sì ń béèrè ibi tí omi wà. Èmi kì í ṣe ẹni à ń bá wòran mọ́.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá mi ti yọ: ẹṣin ogun Ọ̀yọ́ Ilé. Ilẹ̀ Núpé àti ilẹ̀ Haúsá ni wọ́n ti ń ra ẹṣin. Wọ́n gùn ún lọ ja Dàhọ̀mì ní 1726, àmọ́ bí ó bá wọ igbó kìjikìji, eṣinṣin tsetse á kó àìsàn sí i lẹ́jẹ̀, á sì kú. Mo ṣírò oúnjẹ wọn. Ká ní ẹṣin kan wọn kìlò 300, yóò jẹ koríko gbígbẹ tó kìlò 6 lójúmọ́. Ẹgbẹ̀rún ẹṣin, tọ́ọ̀nù mẹ́fà. Gbogbo wa la mọ oríkì jagunjagun. Ẹni tó ń gé koríko yẹn ńkọ́?

Ní báyìí, bí Màmá bá pè mí lọ́jọ́ Sunday, kì í kọ́kọ́ bi mí bóyá mo jẹun. "Barney ńkọ́? Ó su?"

"Ó su, Mà."