Ẹ Bèèrè Orúnkún, Ẹ Wo Ìdí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ ní ẹ̀ka àìsàn inú lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kú ìmúra. Mo mọ̀ pé kámẹ́rà ni ẹ ń lé. Òun ni èmi náà ń lé nígbà tí mo jẹ́ háúsì ọ́físà, dókítà tuntun: okùn dúdú gígùn tí ọ̀gá ń tì gba ọ̀fun aláìsàn, tí àpòlúkù á sì yọ gbàǹgbà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ó rí i, ẹ ó sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó dùn mí jù nídìí iṣẹ́ yìí, kò kan kámẹ́rà rárá. Ìka ọwọ́ mi ló kàn.

Bàbá kan wá sí kílíníìkì, ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Mo ní, "Bàbá, kí ló ń ṣe yín?" Ó ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, dókítà. Ó ti tó ọdún méjì. Mo ti jáwọ́ nínú ṣúgà, ògì lásán ni mo ń mu, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò dá." Ta ni ìyá rẹ̀ kò kìlọ̀ ṣúgà fún nínú wa? Mo gbọ́ jẹ̀díjẹ̀dí, mo kọ "haemorrhoids", iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nídìí, sínú fáìlì, mo kọ ìpara fún un, mo ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Èrò pọ̀ níta lọ́jọ́ náà. Ká sọ òótọ́, ẹni tó tó bàbá mi ni, ojú ń tì mí láti ní kó bọ́ ṣòkòtò.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ó padà wá, bùbá rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Ọ̀gá mi wọ ìbọ̀wọ́, ó ní, "Ẹ foríjì mí, bàbá, ẹ mí sínú." Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Kókó kan wà níbẹ̀, ìka mi kò tíì wọlé tán tí mo fi bá a. Ó le bí ẹkùrọ́, etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ẹ̀jẹ̀ sì bá ìbọ̀wọ́ jáde. Jẹjẹrẹ ni. Ọ̀gá ò bá mi wí lójú bàbá. Nígbà tó yá ló bi mí pé, "Kí ni jẹ̀díjẹ̀dí?" N ò rí nǹkan sọ.

Mo ti rí nǹkan sọ báyìí. Kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ẹni tí ìdí rẹ̀ yọ síta ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, àti ọkùnrin tí "nǹkan" rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Torí náà ẹ má kánjú túmọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ pupa ni àbí dúdú? Ó ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́ ni, àbí ó pò mọ́ ọn? Tí wọ́n bá yàgbẹ́ tán, ṣé ó ń ṣe wọ́n bíi pé ó ṣẹ́ kù? Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tó máa ń tan dókítà jẹ ni "oògùn". Wọ́n gbé ìyá kan wá lálẹ́, ó ń bi ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà ojú títì, òórùn rẹ̀ sì ti kún wọ́ọ̀dù kí n tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. (Ìgbẹ́ ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron nínú náà máa ń dú, ṣùgbọ́n kì í rùn báyẹn.) Mo bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan, ó ní rárá. Ọmọ rẹ̀ náà ní rárá. Nọ́ọ̀sì àgbà tó dúró tì mí ló ní, "Màmá, orúnkún yín ńkọ́?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn! Mo ń ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ oníkẹ́místì."

Ó ní kí wọ́n tú etí ìró òun. Ọ̀rá kékeré kan jáde, oríṣi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Diclofenac ni ọ̀kan, piroxicam ni èkejì, àwọn méjèèjì tó máa ń dá egbò sí àpòlúkù. Lójú àwọn ènìyàn wa, èyí tí dókítà bá kọ ni oògùn. Ti orúnkún kì í ṣe oògùn, ti ẹ̀fọ́rí kì í ṣe oògùn, àgbo inú ògógóró kì í ṣe oògùn. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ulcer", egbò inú, náà ńkọ́? Gbogbo ẹni tí inú ń ta ló máa ń sọ pé òun ní i, ebi ni wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Láti 1982 ni dókítà méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, ti rí Helicobacter pylori, kòkòrò tó máa ń fa egbò náà, ní Ọsirélíà. Ní 1984, Marshall gbé kòkòrò náà mu fúnra rẹ̀ kí ayé lè gbà á gbọ́, àìsàn inú sì kọlù ú. (Ẹ má dán irú rẹ̀ wò.) Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Kí ẹ tó yẹ aláìsàn wò fún un, ẹ bi í bóyá ó ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù. Bí kò bá tíì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò lè ní kò sí kòkòrò, kó sì wà níbẹ̀.

Ti ara yín náà wà ńlẹ̀. 2004 ni wọ́n fi àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn nínú ẹ̀jẹ̀, kún ti ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ yín ni wọ́n ti bí ṣáájú. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹni tí kò bá ní i kó gba abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: òní, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ aláìsàn gún yín kí ẹ tó rántí.

Bàbá yẹn ṣe iṣẹ́ abẹ. Inú àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níkùn ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde. Nígbà tó wá sí kílíníìkì, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mi ò ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fún un, mo tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Dókítà, ṣé mo wá lè fi ṣúgà sí ògì mi báyìí?"