Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ kejì: bí mo ṣe ń wá orin lórí alùpùpù pẹ̀lú etí tó ń di

Kí n tó bẹ̀rẹ̀

Orin kan wà tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí etí mi ṣì já gaara. Ní ẹsẹ̀ kejì rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan máa ń yọ́ wọlé. Èèyàn kì í mọ ìgbà tó dé, àfi kó kàn rí i pé orí òun ti ń mì. Lónìí, bí mo bá gbọ́ orin yẹn nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, mo ní láti tẹ́tí gidigidi kí n tó bá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà pàdé. Lórí alùpùpù, kò sí níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tí mo gbé dání kò ju èyí lọ: kí n gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn nígbà tí mo bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, kí n má sì ba ìwọ̀nba etí tó kù fún mi jẹ́.

Kí ẹ lè mọ irú etí tí à ń sọ: láti 250 Hz dé 1000 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe ga sí), mo ń gbọ́ dáadáa. Láti 2000 Hz lọ sókè, ìlà inú audiogram mi, bébà tí wọ́n ya bí etí mi ṣe ń gbọ́ sí, bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́, ibi tó jìn jù sì ni 4000. Etí òsì burú ju ọ̀tún lọ. Dókítà etí wo bébà náà, ó bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti ń gun alùpùpù, ó sì mi orí. Kòtò ní àyíká 4000 yẹn ni àmì tí ariwo sábà máa ń fi sílẹ̀. Àwọn irun tín-tìn-tín tó wà nínú etí lọ́hùn-ún, tó ń gbé ìró lọ fún ọpọlọ, bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: sípíkà inú akoto

Mo ra sípíkà pẹlẹbẹ méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún inú akoto, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 40 mm. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún etí. Nínú ilé, ó dùn mọ́ mi. Mo gbé alùpùpù jáde. Ní 50, orin ṣì wà. Ní 70, ó di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ní 80, afẹ́fẹ́ gbé e mì. Mo yí i sókè, mo tún yí i sókè, mo gbàgbé pé mo ti yí i. Nígbà tí iná tó ń darí ọkọ̀ dá mi dúró, orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí.

Ibí yìí ni kì í yé àwọn tí etí wọn dá. Wọ́n rò pé ẹni tí etí rẹ̀ ń di kàn fẹ́ kí a pariwo ni. Ohùn tó rọlẹ̀ kì í wọ etí wa, ohùn tó ga díẹ̀ sì ti ń dùn wá. Ààrín méjèèjì ló há, ibẹ̀ sì ni gbogbo orin ayé ní láti gbà kọjá.

Mo sùn pẹ̀lú etí tó ń hó wéé. Kò dákẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, mo fi ẹfun tútù díẹ̀ kan ẹnu ihò etí mi, mo dé akoto, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, mo sì bọ́ ọ. Ó fà díẹ̀, ṣùgbọ́n àmì náà hàn: etí mi kò sí níbi tí sípíkà wà. Ó tó sẹ̀ǹtímítà méjì tí wọ́n fi ṣì í. Mo tú wọn, mo gbé wọn síwájú, mo fi fóòmù tẹ́ ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti ra sípíkà tó tóbi jù, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí etí yín wà ná. Kò sí ohun mìíràn nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì ṣàǹfààní tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ta ló ń pariwo?

Ẹ́ńjìnnì ni mo ti ń bá wí láti ọdún yìí wá. Mo ti ń dá a lẹ́bi lásán. Bí eré bá ti kọjá nǹkan bíi 65, afẹ́fẹ́ tó ń jà yí akoto ká ti borí ẹ́ńjìnnì. Ní eré ọ̀nà márosẹ̀, ariwo inú akoto lè tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, dámọ̀ràn pé kí èèyàn má wà nínú ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, kí á sì máa dá àkókò náà sí méjì ní gbogbo ìgbà tí a bá fi 3 kún un. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 88 di wákàtí 4, 91 di 2, 94 di ẹyọ kan, 97 di ìṣẹ́jú 30, 100 di ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré! Kí orin kẹrin tó parí, mo ti jẹ ìpín ọjọ́ náà tán, a ò sì tíì ka ariwo orin fúnra rẹ̀ mọ́ ọn.

(Mo gbìyànjú láti fi fóònù wọn ariwo inú akoto mi. Afẹ́fẹ́ ń gbá ẹnu máìkì, nọ́ńbà ń fò sókè-sódò bí eéṣú. Mo pa á rẹ́.)

Ni mo bá dí etí mi. Fóòmù kéékèèké tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń lò ni mo rà. Ẹ máa yí i láàárín ìka títí yóò fi tín-ín-rín, ẹ fi ọwọ́ kejì gba orí kọjá kí ẹ fa etí sókè àti sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, ẹ sì di í mú títí yóò fi wú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fi í lé ẹnu etí ni, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́.

Èmi tí mi ò gbọ́ràn, mo tún wá fi nǹkan dí etí kí n lè gbọ́ orin. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn olórin ní 80 fún ìgbà àkọ́kọ́. Fóòmù gé afẹ́fẹ́, ó sì gé orin pẹ̀lú, àmọ́ etí tí ariwo kò bò mọ́lẹ̀ ṣì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ìṣòro tó kù ni pé fóòmù máa ń gé ìró tó ga ju ìró tó nípọn lọ. Ìró tó ga náà gan-an sì ni èmi kò ní. Baasi wọlé, gìtá wọlé dé àyè kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi bọ́ sínú igbó.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ńkọ́?

Àwọn èèyàn ti bi mí tó. Tèmi jẹ́ irú èyí tó ń jókòó sẹ́yìn etí. Akoto tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, torí ìró tó ń jáde láti inú rẹ̀ ń ta padà sínú máìkì rẹ̀. Inú àpótí tí omi kò lè wọ̀ ló ń bá mi rìn báyìí. Mo yá íápíìsì tó ń gba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbé ìró wọ̀. Ẹni tí ìṣòro rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà etí lè jèrè rẹ̀ dáadáa. Tèmi wà ní inú lọ́hùn-ún, ibi kan náà tí egungun ń gbé ìró lọ. Ó tún fi etí sílẹ̀ gbayawu fún afẹ́fẹ́. Mo dá a padà fún olóhun.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: íápíìsì olórí fóòmù

Èrò náà rọrùn: bí fóòmù bá ń gé orin nítorí pé sípíkà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí sípíkà bọ́ síwájú rẹ̀. Íápíìsì tí orí rẹ̀ jẹ́ fóòmù máa ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ìta, orin á sì wà nínú ilé. Mi ò nílò láti yí i dé ìdajì.

Ìyà tó wà níbẹ̀ ni dídé akoto. Ìgbà mẹ́rin ni mo dé e, ìgbà mẹ́rin ló fa ti òsì yọ. Ní ìkarùn-ún ó dúró, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó wá ń gún mi bí ẹ̀gún. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó kéré tí kò yọ kọjá etí, mo gba okùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọrùn, mo sì ń wọ fìlà fẹ́lẹ́ tó bo etí kí n tó dé akoto, kí akoto lè máa yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Mo tú tìmùtìmù tó wà níbi etí, mo sì dín in kù díẹ̀. Tìmùtìmù aláṣọ ni mo sọ o. Fóòmù líle tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gba orí là, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kàn án.

Ẹ yẹ òfin ibi tí ẹ ti ń gùn wò. Ní California, fún àpẹẹrẹ, òfin kò gbà kí íápíìsì bo etí méjèèjì. Èmi kì í tan orin láàárín ìlú, mo sì ti sọ dígí ẹ̀gbẹ́ di etí mi kẹta.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: mono, equalizer, àti ọ̀rọ̀ tí kò ní kọ́ńsónáǹtì

Mono ni mo kọ́kọ́ tàn nínú fóònù. Olórin lè ti gbé gìtá sí apá òsì, etí òsì mi á sì gbé e sin. Mono da ohun gbogbo pọ̀ fún etí méjèèjì. Mo rí ohun èlò méjì tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú orin tí mo ti gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Equalizer, èyí tó ń gbé ìró kan sókè tó sì ń dín òmíràn kù, ló gba àkókò. Ìwà wọ̀bìà ni mo fi bẹ̀rẹ̀: mo gbé 4000 sókè pẹ̀lú dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12. Ó dún bí èékánná lórí páànù. Ilẹ̀kùn ibi tó ti kú ni mo ń kàn. Mo dá a padà, mo gbé 1500 sí 3000 sókè pẹ̀lú 5, mo dín 150 kù pẹ̀lú 3. Compressor náà wà lórí díẹ̀, kí ohùn jẹ́jẹ́ lè gòkè láìjẹ́ pé èyí tó ti ga tún ń ga sí i.

Níbi tí mo ti ń yí i ni mo ti kíyè sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá ń kọrin Yorùbá, mo máa ń gbọ́ ohùn láìgbọ́ ọ̀rọ̀. Fún, sún, tún, kún: ọ̀kan náà ni gbogbo wọn létí mi, “ún” lókè téńté. F, s àti t ń gbé òkè níbi tí mo ti di àlejò, k náà kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè. Dò-rè-mí ń gbé ìsàlẹ̀ níbi tí mo ti jẹ́ onílé. Ìdí nìyẹn tí gángan kò fi ní mí lára rí. Òun náà kì í pe kọ́ńsónáǹtì, ohùn nìkan ló ń fọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Mo tú gíláàsì kékeré tó wà níwájú. Ó ti ń da afẹ́fẹ́ rú kó tó sọ ọ́ lu akoto. Láìsí i, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ mí láyà, àmọ́ ó ń bọ̀ tààrà, ariwo rẹ̀ sì rọlẹ̀. Mo fi aṣọ dí abẹ́ àgbọ̀n.

Ọjọ́ Sátidé, ojú ọ̀nà ṣófo. Ní 60, ẹsẹ̀ kejì dé, mo sì gbọ́ ọ: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbọn iyanrìn nínú bébà. Mo tẹ̀ ẹ́ dé 80. Ó ṣì wà níbẹ̀! Kódà ó tún le sí i. Mo kígbe nínú akoto.

Orin parí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń lọ.

Mo dúró, mo pa orin. Ẹ́ńjìnnì ń mí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún ṣà-ṣà-ṣà láti iwájú. Bóòtù kan tó mú irin gíláàsì, èyí tí mo gbàgbé láti mú le nígbà tí mo tú u, ló ń jó nínú ihò rẹ̀.

Mo fi sípánà dè é. Mo padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo tún orin náà tàn. Ní 80, ẹsẹ̀ kejì wá, ó sì lọ, kò sí nǹkan kan. Ní 60, mo tẹ́tí, mo tún wo bóòtù náà kó dá mi lójú. Ó wà níbẹ̀, tinú orin ni lọ́tẹ̀ yìí.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹsẹ̀ kìíní bá ti ń parí lọ, ọwọ́ mi á ti máa dẹ eré sílẹ̀ fúnra rẹ̀.