Irin tí òkun kò tíì jẹ tán

Ọjọ́rú. Iná lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kò sì dé títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí náà n kò jó irin kankan pọ̀ lónìí. Oníbàárà Kùtọnù tún pè nípa géètì rẹ̀. Mo jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹja díndín lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ kan ni kò kúrò létí mi. Ní àárọ̀, obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ ń kọjá lọ sí etíkun, ọmọ náà sì dúró lẹ́nu àgbàlá wa, ó nàka sí ère obìnrin aláwọ̀n tí mo fi irin ṣe, ó bi ìyá rẹ̀ pé kí nìyẹn. Nínú ìlú Ouidah yìí ní ilẹ̀ Benin, níbi tí èdè Fọ̀n ti gba ẹnu gbogbo ènìyàn, èdè Nàgó, Yorùbá ti ìhín, ni ìyá náà fi dá a lóhùn, láìmọ̀ pé ọmọ Kétu kan wà lẹ́yìn ògiri tó gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ní: "Irin tí òkun kò tíì jẹ tán ni." Wọ́n sì kọjá lọ.

Ó dùn mí. Oṣù méje ni mo fi ṣe ère yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ sì mọ ohun tí orí rẹ̀ nìkan gbà lọ́wọ́ mi. Ṣéènì alùpùpù àwọn onízémidjan, àwọn ọlọ́kadà ìhín, ni mo fi hun àwọ̀n tó wà léjìká rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ kí n tó jó o mọ́ èkejì. Kí ènìyàn wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ gbogbo rẹ̀ di ohun tí òkun jẹ kù!

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀ níwájú ère náà, mo sì yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Irin tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ bàbà tí mo fi sí i lọ́rùn ti wú, ó ti ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Mo fi èékánná kàn án, pẹ́pẹ́ kan sì bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó pọ́n bí osùn. Mo fi ahọ́n kàn án, iyọ̀ ni mo tọ́ wò. Mo mọ̀ kí n tó fi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sí i pé bàbà àti irin kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà létí òkun, nítorí pé bí ọ̀rinrin oníyọ̀ bá ti wọ àárín àwọn méjèèjì, irin ni yóò máa san gbèsè, bàbà yóò sì máa dán ní tirẹ̀. Mo mọ̀, mo sì ṣe é, nítorí pé ọrùn náà ń bẹ̀ mí fún àwọ̀ pupa díẹ̀.

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ, nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sọ pé irin tí òkun ti jẹ ni. Ó ní òkun kò tíì jẹ ẹ́ tán. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fà yọ nínú "kò tíì" yìí, mo kàn ń lù ú láti àárọ̀ ni.

Mo rántí bàbá mi. Nílé arọ wa ní Kétu, kò sí àdá tí yóò rọ tán tí kò ní fi àdín pa kó tó gbé e kọ́, bẹ́ẹ̀ Kétu jìnnà sí òkun. Epo pupa ni wọ́n máa ń ta sí irin Ògún, àwọn aládùúgbò wa níbí náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gú, Ògún ti àwọn Fọ̀n. Ìsìn ni, mi ò já a kulẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbé epo wá lóòrèkóòrè, òun náà ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn oníyọ̀ rí ojú irin.

Ibí yìí ni wọ́n ti gbé ère Gú tí wọ́n ní Akati Ekplékendo rọ fún Glèlè ọba Dáhòmì lọ sí Paris ní ọdún 1894. Irin àlòkù láti Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe é, bí tèmi náà ṣe jẹ́ irin àlòkù. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé dá ohun-ìní ààfin Dáhòmì 26 padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, kò sí lára wọn. Èrò kan wá sí mi lọ́kàn lónìí tí mo kórìíra: bí wọn kò bá gbé e lọ, ṣé òkun yìí kò ti ní jẹ ẹ́ tán? Mi ò fẹ́ máa ro irú èyí, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn tó di ohun wa mú ni. Àwọn tó ń ta epo sí irin Gú ńkọ́? Ta ló sọ pé wọn kì bá tí máa tọ́jú rẹ̀? Síbẹ̀, irin tèmi nìyí nínú àgbàlá ara mi, èmi fúnra mi alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ, oṣù mẹ́ta ni n kò sì fi omi tútù kàn án.

Calixte àti Théodore Dakpogan, ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), fi irin ọkọ̀ àlòkù ṣe ère fún àjọ̀dún Vodun tí wọ́n ń pè ní Ouidah 92, tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejì ọdún 1993. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ wọn ni mo gbà pé ohun tí mo ń ṣe yàtọ̀ sí géètì àti irin ojú fèrèsé ní orúkọ. Inú mi dùn bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò tilẹ̀ bínú mọ́, àbí mo ṣì ń bínú díẹ̀...

Ó lè jẹ́ pé ìyìn ni obìnrin àárọ̀ yẹn ń yin ère náà. Bí ìyá mi bá sọ nípa arúgbó kan pé ayé kò tíì jẹ ẹ́ tán, a mọ̀ pé ó bọ̀wọ̀ fún un ni. N kò rí ojú obìnrin náà, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́, ohùn náà kò sì ní ẹ̀gàn nínú.

Mo ti fa omi kànga kún garawa méjì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, n ó ha ọrùn náà dé ibi tí irin ti funfun, n ó sì yọ ìlẹ̀kẹ̀ bàbà. Tàbí kí n fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, kí n máa fi àdín pa á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí obìnrin yẹn bá tún gba ibí kọjá, n ó kí i ní Nàgó.