Arère ni mo fi kan káyáàkì mi

Gbogbo àwọn tó ń fi fídíò kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kan káyáàkì onípákó tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi gbọọrọ tó ní ìdérí, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ni pé kó o lọ ra cedar, igi àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣe máa ń wo fídíò yẹn tán, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á lọ jẹun wọn. Ibo lèèyàn ti fẹ́ rí cedar ní Ìjẹ̀bú-Òde? Èmi ò tiẹ̀ wá a rárá. Arère ni mo lò, arère tó wà ní sọ́ọ̀mìlì lójoojúmọ́, tí àwọn kápẹ́ńtà wa ò kà kún igi gidi.

Ẹ wò ó, ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn cedar ni pé ó fúyẹ́. Kúbíìkì mítà kan ẹ̀ tó ti gbẹ, bíi kìlò 370 ni. Arère wa ńkọ́? Bíi 380. Ìrókò tí gbogbo ayé ń júbà fún máa ń tó 650, ẹ fi ìyẹn kan káyáàkì kẹ́ ẹ wá lọ máa wá ọkùnrin mẹ́rin tó máa bá yín gbé e sórí mọ́tò. Òótọ́ ni pé arère kì í pẹ́ jẹrà, ikán sì fẹ́ràn ẹ̀, tó o bá jù ú síta lásán òjò á bà á jẹ́ kíá, ṣùgbọ́n nínú irú ọkọ̀ yìí igi kì í fara kan omi. Fáíbà, aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì ṣe, wà lóde, fáíbà wà nínú, igi wà láàárín bí àkàrà nínú búrẹ́dì. Fáíbà méjèèjì ló ń jẹ ìyà, iṣẹ́ ti igi ò ju pé kó má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí pákó tí kò nípọn ju mílímítà mẹ́fà lọ fi lè gbé èmi tí mo sanra yìí.

Àwọn tó ń fi kánúù, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ìdérí, sáré ìdíje ní Minnesota l'Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí ọ̀nà yìí gbilẹ̀ lẹ́yìn tí fáíbà dé. Káyáàkì fúnra ẹ̀ ti pẹ́ jùyẹn lọ fíìfíì, àwọn Inuit inú yìnyín ló ni í, awọ ẹran inú òkun ni wọ́n ń nà bo egungun igi ẹ̀ kí wọ́n tó fi lọ ṣọdẹ. Èmi ò ní awọ, mo ní plywood. O máa gé plywood sí ìrísí ikùn ọkọ̀ láti imú dé ìdí, fọ́ọ̀mù là ń pè wọ́n, o máa tò wọ́n sórí igi gbọọrọ kan, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà kan, wàá dojú gbogbo ẹ̀ délẹ̀, orí ẹ̀ lo máa wá máa lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo to tèmi sẹ́yìnkùlé, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lójúlé kejì yọjú, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, pósí ta lẹ ń kàn?" Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni Mà. Ó ní ọkọ̀ kẹ̀, níbo lodò wà ládùúgbò yìí, àbí inú gọ́tà lẹ máa wà á? Mi ò rí èsì fọ̀ o. Ṣùgbọ́n òun náà ló wá ń mú àwọn èèyàn wá wò ó nígbà tó yá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti pákó yẹn torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ti wọn. Pákó sọ́ọ̀mìlì wa, ẹsẹ̀ bàtà 12 ló máa ń gùn mọ, káyáàkì sì tó 17, torí náà o gbọ́dọ̀ so pákó pọ̀. Má da ara ẹ láàmú, fi orí ko orí lórí fọ́ọ̀mù, kó o fi gọ́ọ̀mù sí i, fáíbà máa dì í mú. Kó o ṣáà má jẹ́ kí oríkèé méjì tó tẹ̀ lé ara wọn wà lójú kan náà. Ìkejì, sákúlà, ayùn oníná tó ń la pákó. Tí bíléèdì ẹ̀ bá nípọn tó mílímítà mẹ́ta, tí pákó tó ò ń là sì jẹ́ mẹ́fà, á jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta igi tó o fowó rà ti di ìyẹ̀fun, nítorí náà bíléèdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó o wá. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, pákó 1 by 12 (ínṣì kan ní nínípọn, méjìlá ní fífẹ̀) mẹ́rin á tó káyáàkì kan, tó o bá ti ka èyí tó máa ṣẹ́ mọ́ ọn. Odidi igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ọmọ ni wọ́n ń gbẹ́ láti fi ṣe ọkọ̀ ọpọ́n o, igi ńláńlá yẹn ò sì pọ̀ mọ́ kódà nínú igbó Ọmọ, J4 tí gbogbo wa mọ̀, tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn igbó tó yẹ ká dáàbò bò ní 1977.

Arère tó ní àwọ̀ búlúù lára, wọ́n á tà á fún ẹ ní owó pọ́ọ́kú. Ó pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó là á ni, kò fi bẹ́ẹ̀ dín agbára ẹ̀ kù, ojú ló ń bàjẹ́. Èyí tó tutù lo gbọ́dọ̀ sá fún. Lásìkò òjò, gbé e sábẹ́ òrùlé, fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá, kó o gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kó o sì lo nose mask tó o bá ń là á tàbí tó o ń fi sáńpépà fá a, ìyẹ̀fun arère máa ń dá ikọ́ èémí sílẹ̀ fún àwọn kan, mi ò ṣeré o.

Lílẹ̀ ẹ̀ ò le. Gọ́ọ̀mù funfun tí kápẹ́ńtà ń lò náà ni. Ibi imú ọkọ̀ nìkan ló ń fúnni níṣòro, torí pákó máa ń fẹ́ ṣẹ́ níbẹ̀ bó ṣe ń yí. Mo máa ń rẹ àkísà sínú omi gbóná, mo á fi wé ibẹ̀, mo á mú tíì mi, kí n tó mu ún tán pákó yẹn ti gbọ́ràn.

Wàyí o, epoxy, résìn tó ń lẹ fáíbà mọ́ igi. Ibẹ̀ ni kówó ẹ lọ, dín ti igi kù, má dín tibẹ̀ kù. Tó o bá dé Ọ̀jọ́ta níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà, tó o ní résìn lo fẹ́, polyester ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú ẹ, èyí tí àwọn tó ń ṣe bọ́ńpà mọ́tò ń lò, torí òun ló dínwó. Ọ̀kan tiẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní "Alhaji, gbogbo ẹ̀ náà ni résìn." Gbogbo ẹ̀ kọ́! Polyester kì í di igi mú bí epoxy, tí omi bá ráyè yọ́ wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Aṣọ fáíbà tí wọ́n hun ni kó o rà pẹ̀lú ẹ̀, èyí tó jẹ́ bíi gíráàmù 200 fún mítà kan níbùú lóròó, kì í ṣe èyí tó rí wúruwùru. Tí epoxy bá ti mu aṣọ funfun yẹn yó, ṣe ló máa pòórá lójú ẹ, igi nìkan lo máa rí, gbogbo ìlà ara ẹ̀ á yọ kedere. Àní mo pariwo.

Epoxy kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú wọ̀n o. Tí ara ike ẹ̀ bá ní méjì sí ọ̀kan, méjì sí ọ̀kan náà ni, tó o bá ní kó o fi hardener, èkejì ẹ̀ tó ń mú kó le, kún un kó lè tètè yá, rírọ̀ ló máa rọ̀. Má sì po púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sínú ike jíjìn, nínú ooru wa yìí á gbóná títí èéfín á máa jáde, abọ́ fífẹ̀ ni kó o lò. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àárọ̀ ló dáa jù torí pé ara tutù, èmi ìrọ̀lẹ́ ni mo fọwọ́ sí. Láàárọ̀ igi ń gbóná lọ, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń wú, á máa jáde lábẹ́ epoxy, á máa hó ìfóòfó kéékèèké. Tó bá di aago mẹ́rin, márùn-ún, tí igi ti ń tutù, ṣe ló máa fa epoxy mu. Wàhálà ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni iná. Tí òjò bá ti rọ̀ lọ́sàn-án, má tan gílóòbù sórí ẹ̀, torí èsúnsún. Ọ̀kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mò ń jókòó sí títí dòní, ìyẹ́ ẹ̀ pé pérépéré lábẹ́ fáíbà.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, fi fánìṣì tó ń dènà oòrùn kùn ún, torí oòrùn máa ń jẹ epoxy, má sì fi àwọ̀ dúdú kùn ún, á gbóná jù.

Ìwọ̀n tèmi, bíi kìlò 23, èmi nìkan ló ń gbé e sórí mọ́tò. Ìwòpin ni mo gbé e lọ, lójú ọ̀sà, bàbá apẹja kan sì fi ìka kàn án kó-kó-kó, ó ní "Ọmọ mi, ó dára. Ṣùgbọ́n àwọ̀n ńkọ́, ibo ló máa wọ̀ sí? Tó o bá gun kùkùté lábẹ́ ojú oró yìí ńkọ́?" Mo ní Bàbá, ti àwọ̀n yẹn mi ò lè jiyàn, kánúù ló yẹ kí apẹja kàn, kò ní ìdérí, ó sì rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ti kùkùté, òótọ́ ni Bàbá sọ níbẹ̀ náà, ọkọ̀ ọpọ́n ẹ̀ á gun ún kọjá láìwo ẹ̀yìn. Mo ti fi aṣọ fáíbà ìpele méjì sí i kún abẹ́ tèmi láti imú dé ìdí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wà á lórí ọ̀sà wa, ẹ tètè ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kun fánìṣì o, torí tí fánìṣì bá ti gbẹ, ẹ máa fá a kúrò tán kẹ́ ẹ tó lè lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.