Ooru Tó Ń Ṣáájú Òjò ní Ilẹ̀ Ọ̀kún

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹta bá ti ń lọ sí ìparí, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp, pé oòrùn yóò dúró gán-án lórí wa fún ọjọ́ márùn-ún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde ní ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kàbà, nílẹ̀ Ọ̀kún ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni ó fi tọdún yìí ránṣẹ́ sí mi. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, oòrùn máa ń wà ní òkè ìlà agbedeméjì ayé ní ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n Kàbà kò sí lórí ìlà yẹn. Nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ni oòrùn máa ń dé orí agbègbè wa, ó sì tún ń gba ibẹ̀ padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Bí ó bá jẹ́ pé gíga oòrùn nìkan ni ó ń fa ooru, oṣù Kẹsàn-án ì bá máa jó wa bí oṣù Kẹrin. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí òjò ti rin ilẹ̀ nígbà náà, ìkùukùu sì ti bo ojú ọ̀run.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ojú ọ̀run wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó gbẹ, ó sì ń kó eruku bọ̀. Òun ni ó ń mú ọyẹ́ wá. Èkejì ń ti Òkun Àtìláńtíìkì wá, omi ni ó rù. Bí ọyẹ́ bá ti ká kúrò nílẹ̀, tí eruku tó ń ṣíji bo oòrùn sì lọ, ilẹ̀ gbígbẹ ni oòrùn yóò bá. Ilẹ̀ tó rin a máa ná apá kan lára agbára oòrùn sórí omi inú rẹ̀ tó ń gbẹ, ṣùgbọ́n bí kò bá sí omi mọ́, ooru ni agbára náà yóò yà sí. Nígbà kan náà, afẹ́fẹ́ òkun ti ń padà bọ̀, ó ń kó ọ̀rinrin wá kí ó tó kó òjò wá. Òógùn kì í gbẹ lára bọ̀rọ̀ nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, òógùn tí kò bá sì gbẹ kò lè tu ara. Ìdí nìyẹn tí ooru Lọ́kọ́ja, tó wà ní àfonífojì níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, fi máa ń ni èèyàn lára ju iye tí òṣùwọ̀n ń sọ lọ. (Àwa ará òkè a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé ooru tiwa kì í ṣe ooru.)

Ọ̀nà mìíràn ni ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbà wá, láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ tí àwa ń wá aṣọ bora. Afẹ́fẹ́ lè dúró sójú kan níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ó máa rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, kí ó máa gbóná sí i bí ó ti ń fún pọ̀, kí ó sì máa lé ìkùukùu dànù. Bẹ́ẹ̀ ni abúlé Lytton ní Kánádà ṣe gbóná dé 49.6°C ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ní ọjọ́ kejì, iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé wa a máa sọ pé ooru ti wà láyé àwọn baba wọn, wọn kò sì parọ́. Afẹ́fẹ́ méjèèjì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé, ọmọ náà kò ga sí i, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ yóò tó pẹpẹ tí kò tó tẹ́lẹ̀. Epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀ tí aráyé ti jó ni àpótí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọwọ́ Áfíríkà nínú jíjó wọn. Ọdún 2024 ni ọdún àkọ́kọ́ tí ayé gbóná ju ti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá kò tíì sí lọ ní ohun tó lé ní 1.5°C, afẹ́fẹ́ tó bá sì gbóná sí i ní 1°C lè fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 gba omi sí i. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ooru ọlọ́rinrin bo gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution, tí wọ́n máa ń wádìí ipa tí àyípadà ojú ọjọ́ ń kó nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, ṣírò rẹ̀, wọ́n ní ó rí lára bí 50°C, pé àyípadà ojú ọjọ́ fi nǹkan bí 4°C kún un, ó sì sọ irú rẹ̀ di ohun tó rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Òru ni ó ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀sán lọ. Gáàsì tó ń jáde sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí a bá jó epo àti èédú wọ̀nyẹn kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ tètè padà sí òfuurufú, ilé búlọ́ọ̀kù tí a fi páànù bò sì ń tu ooru ọ̀sán sórí àwọn tó sùn sínú rẹ̀. Ilé alámọ̀ tó nípọn, tí a fi bẹẹrẹ bò, tutù jù ú lọ, àmọ́ ta ni yóò padà sínú rẹ̀? Ẹni tí ara rẹ̀ kò rí ìsinmi lóru ni yóò sì jí lọ sí oko kajú, nítorí oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni a ń ṣà á ní Ìjùmú àti Yàgbà. Kí àwọn tó ń ṣà á bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kí wọ́n sì mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Bí ara ẹnìkan bá gbóná janjan, tó ń sọ̀rọ̀ ségesège tàbí tó ṣubú, kí wọ́n gbé e sábẹ́ ibòji, kí wọ́n da omi sí i lára, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n má fi agbára bu omi sí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Bí àwọn tó ń ra kajú bá sì lè sún àkókò ìwọ̀n sí ìrọ̀lẹ́, kò ní sí ìdí fún ìyá arúgbó láti ru àpò la oòrùn ọ̀sán kọjá nítorí kí ó lè dé kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́.