Òkúta tó ń mu epo

Kànga ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, kì í gbẹ. Ti aládùúgbò wa, tó jẹ́ pé ọgbà nìkan ló pín wa níyà, ẹ̀ẹ̀rùn kì í dé kó má gbẹ. Bàbá tó gbẹ́ méjèèjì ṣì ń bẹ láyé, wọ́n sì ní bí àwọn ṣe gbẹ́ tibí jìn náà ni àwọn gbẹ́ tọ̀hún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ìwọ tó o kàwé òkúta, kí ló wà láàrin wọn?"

Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ń ná owó lé lórí. Kànga epo ò fẹ̀ ju ẹnu ìkòkò ọbẹ̀ lọ, èkejì rẹ̀ sì lè jìnnà sí i gan-an. Wọ́n máa ń rán ìró wọ inú ilẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó bá padà ya àwòrán, àmọ́ ìpele òkúta tí kò bá nípọn tó mítà mẹ́wàá lè fara pamọ́ fún àwòrán náà. Ohun tó kù ni kéèyàn lọ wo irú òkúta kan náà níbi tó ti yọ síta. Etí òkun ló dáa jù fún un: ìgbì ń gé òkúta bí ẹni ń gé búrẹ́dì, koríko ò sì ráyè bò ó.

Nígbà tí mo ń kàwé, wọ́n kó wa lọ sí West Bay, ní Dorset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ògiri yanrìn tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, àwọ̀ rẹ̀ bíi gààrí elépo. Ìlà-ìlà ni: ìpele rírọ̀, ìpele líle, rírọ̀, líle, títí dé òkè. Afẹ́fẹ́ àti òjò ti jẹ rírọ̀ wọnú, líle wá yọ síta bíi pátákó tí wọ́n ń to ọjà sí. Yanrìn yìí kan náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Wytch Farm, lápá ìlà-oòrùn, ní nǹkan bí 900 mítà sísàlẹ̀, epo sì wà nínú rẹ̀. Ọdún 1973 ni wọ́n kàn án.

Èròjà bíi ti ìkarahun ló di ìpele líle wọ̀nyẹn bíi sìmẹ́ńtì; epo kì í fẹ́ gba inú wọn gòkè. Kànga á sọ fún ẹ pé o kan líle níbí, kò ní sọ bóyá ó lọ jìnnà. Mo fi ojú tẹ̀ lé ìlà kan títí ọrùn fi dùn mí, kò já. Òmíràn ti di kókó bí ẹ̀bà tí wọn ò rò dáadáa. Epo á rí àárín kókó gbà. (Ibi tí mo ti ń wòkè yìí ni olùkọ́ wa ti jágbe mọ́ mi. Ògiri yẹn máa ń ya lulẹ̀ láìsọ fẹ́nì kan.) Dúróònù ni wọ́n fi ń ya àwòrán rẹ̀ báyìí. Ó yá, ó sì péye, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí yanrìn yẹn ṣe ń rún sí èèyàn lọ́wọ́.

Mo mú wóró òkúta méjì tó já sílẹ̀ bọ̀, rírọ̀ kan, líle kan. Nílé ìdáná màmá mi, mo kán epo pupa sí rírọ̀: kí n tó ṣẹ́jú, ó ti mu ún, àbàwọ́n ló kù. Mo kán an sí líle, ó dúró lórí. Mo kán an sórí ọlọ.

"Ṣé ọlọ mi lo fẹ́ fi kàwé ni?"

Ẹ má bínú, Màmi. Ṣùgbọ́n èsì tí mo ń wá nìyẹn: epo náà lé téńté. Òkúta akọ ni ọlọ, òkúta akọ náà ló wà lábẹ́ Òṣogbo, kò ní ihò tí epo lè fara pamọ́ sí. Kí ẹni tó ń béèrè bóyá epo rọ̀bì wà nílẹ̀ bàbá rẹ̀ fọkàn balẹ̀, kò sí. Inú òkúta jíjẹrà tó wà lókè àti ibi tí òkúta ti sán ni omi kànga wa ń gbé. Ó jọ pé tiwa bá ibi sísán pàdé, ti aládùúgbò wa ò bá a.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò họ wóró rírọ̀ yẹn, wọ́n gbọ́n yanrìn rẹ̀ dànù.

"Òkun ò sí níbí," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta títì ńkọ́? Ṣebí wọ́n ti gé e sílẹ̀ níbẹ̀?"

Aago méje àárọ̀ ọ̀la la fàdéhùn sí.