Ọdún mi ni mo fẹ́ gbà padà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lọ.

Òjò rọ̀ láti ìdájí, iná lọ ní aago mọ́kànlá, ọ̀gá ò wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa, èmi nìkan ni mo dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Gaàrí àti ẹ̀pà ni mo fi panu lọ́sàn-án. Ọjọ́ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n lè rí oorun sùn.

Ọmọkùnrin kan wọlé ní nǹkan bí aago méjì, ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé fáìlì rẹ̀, ó dì í mọ́ àyà kí òjò má baà pa á. Ó ní kí n bá òun tẹ ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi ni. Bí ẹ bá jí mi lóru, màá ka ìwé yẹn fún yín láti orí dé ìdí: bàbá ẹni tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni á ní òun mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, wọ́n á gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n á búra, wọ́n á lù ú lóǹtẹ̀, ó parí. Mo bi í ní ọdún tí wọ́n bí i. Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí, 1998 ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi 2001 sí i."

Mo ní kí ló dé. Kò bínú, kò sì bẹ̀ mí bí àwọn tó kù ṣe máa ń bẹ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gaàrí kan. "Kì í ṣe irọ́ ni mo fẹ́ pa, Àǹtí. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ wa. Ọdún mi ni mo fẹ́ gbà padà."

Ọdún mi ni mo fẹ́ gbà padà.

Mo ní kó padà wá lọ́la, pé íǹkì ti tán. Íǹkì ò tán. Èmi tí mo fẹ́ sọ fún un pé irọ́ ò dáa, irọ́ ni mo fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà yẹn ni ara mi ò ti balẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń lé e. Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ lásìkò yìí mọ̀ ọ́n. Ìpolówó iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń mú wá fún wa tẹ̀ jáde, pàápàá ti àwọn báńkì tó ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìlà kan máa ń wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 26 lọ, kó má wulẹ̀ kọ̀wé. Ẹni tó wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún 19 fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún, ó yẹ kó jáde ní 24, kó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan, kí àyè sì tún kù fún un láti yan iṣẹ́. Bí èmi náà ṣe ṣírò rẹ̀ nìyẹn lọ́dún 2016. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ti 2020 dé, oṣù mẹ́sàn-án. A wọlé padà, ìdí wa ò tíì mọ́ àga, ti 2022 tún dé, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ. Ẹ rò ó pọ̀, oṣù 17. Nígbà tí mo fi máa bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ ní Nàsáráwá, mo ti pé ọmọ ọdún 27. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ìwé tí mo máa fi kan ilẹ̀kùn, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn náà.

Nítorí náà, mi ò lè sọ pé ohun tí ọmọ yẹn ń sọ ò yé mi.

Láti ọ̀sán ni mo ti ń fi ìka kà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mọ́kànlélógún. Méjìlélógún. Mẹ́tàlélógún. Mẹ́rìnlélógún. Títí débẹ̀, lé ni. O ní ogún, nǹkan sì wà lórí ogún náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kan á mọ́, o pé 25, wọ́n á yí ojú rẹ sí ibòmíràn: márùndínlọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó tún ń sọ̀rọ̀ ogún tí o ní lọ́wọ́. Ọgbọ̀n tí o kò tíì fojú rí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, wọ́n á sì máa sọ iye tí o fi dín. Láti kékeré ni mo ti ń ka òǹkà yìí, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ rí. Òru kan péré ló wà láàárín lé àti dín.

Ọmọkùnrin yẹn, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Bó bá yọ ọdún mẹ́ta tó fẹ́ yọ, ibi tó máa bọ́ sí gẹ́lẹ́ ni mẹ́rìnlélógún. Mi ò rò pé ó ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tí wọ́n ń ka lé fún ló fẹ́ padà sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi á di méjìdínlọ́gbọ̀n.

Mo wá bi ara mi pé, bí wọ́n bá ní kí n wá gba tèmi padà, èwo ni màá mú? Ti 2020 ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wọ́n ti ọgbà, kòrónà wà níta, Màmá ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ọ̀dẹ̀dá. Mo sunkún kí n tó lọ. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi sí oko. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó tì wọ́n nídìí àgbàdá, tí mò ń yan gaàrí, tí èéfín ń ta mí lójú. Wọ́n kọ́ mi pé etí ni wọ́n fi ń mọ gaàrí tó gbẹ, pé kí n yé tẹjú mọ́ ọn. Bó bá ṣì tutù, kì í sọ̀rọ̀. Bó bá ti ń gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣaaṣaa lára irin bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Wọ́n á dijú, wọ́n á ní, "Ó kù díẹ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Gbé e." Wọn kì í ṣì í.

Wọ́n kú ní oṣù kejì ọdún 2021, a ò tíì pẹ́ tí a wọlé padà. Bí kì í bá ṣe ìyanṣẹ́lódì yẹn, àlejò ni ǹ bá jẹ́ níbi ìsìnkú wọn. Ṣé kí n wá gba oṣù mẹ́sàn-án yẹn padà? Ibo ni kí n wá gbé Ìyá Àgbà sí?

Ṣùgbọ́n mi ò ní dúpẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí pé mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé gbogbo nǹkan ló nídìí, mi ò sì gba ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ti 2022 ńkọ́? Kí ni mo rí níbẹ̀? Mo sùn. Mo wo fóònù títí ojú fi ń ro mí. Èmi àti Màmá jà lórí abọ́ tí mi ò fọ̀. Ó ku oṣù mẹ́ta kó parí kí n tó wá kọ́ títẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù yìí, owó dátà tó tán ló sì gbé mi dé ibẹ̀, kì í ṣe ìrònú gidi kankan. Òun ló wá di ohun tó ń bọ́ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò irú èyí. Oṣù márùn-ún tí mo fi sùn, èmi ni mo jẹ ẹ́, kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe olùkọ́. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ gbólóhùn yẹn.

Ọmọkùnrin yẹn ní òun ní àbúrò obìnrin kan tí wọ́n bí lọ́dún 2000. Òun ló san owó fọ́ọ̀mù ilé ìwé fún un. Bí mo bá fi 2001 yẹn sí i, àbúrò á di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìwé. Ṣé ó ti rò ó débẹ̀? Àbúrò tó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀.

Wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ẹni tí wọ́n gba nǹkan rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Àmọ́, ọwọ́ ta ló ti fẹ́ gbà á? Ọwọ́ mi ni àbí ọwọ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù? 2001 tí mo máa tẹ̀ yẹn ò ní dá oṣù kan padà fún un. Á gba iṣẹ́, ká ní ó gbà á, lẹ́yìn náà, nígbàkigbà tí wọ́n bá bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Èmi sì nìyí tí mo sọ òótọ́ ọjọ́ orí mi fún gbogbo wọn, tí mo wà nídìí fọ́tòkọ́pì. Kí ni mo fẹ́ fi hàn án pé òótọ́ fún mi?

Nígbà tí mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ gba Aké, mo sì rántí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta níbí, ọjọ́ orí rẹ̀ ò ṣòro ṣírò rárá. Ìparí 1947, nígbà tí òun àti àwọn obìnrin ọlọ́jà tú jáde sí ààfin Aláké nítorí owó orí, mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Oṣù kìíní 1949 tí Aláké gbé orí ìtẹ́ sílẹ̀, méjìdínláàádọ́ta. Dín ni! Dín ni wọ́n ń kà fún un ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é. Inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n sọ fún ọlọ́kẹ̀kẹ́.

Kí n tó dé Ìbàrà, ìdùnnú yẹn ti rọ̀. Ṣebí lọ́dún 1922, obìnrin yìí kan náà ti lọ sí Ìlú Ọba, ó ti padà dé, ó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Kò fi ogún ọdún rẹ̀ jókòó de àádọ́ta. Mi ò lè fi í bo ara mi mọ́lẹ̀.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré f'ógún ọdún. Àwa mẹ́fà la jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì. Ọ̀kan ti bímọ méjì. Ọ̀kan ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Leicester, ó fi ohùn ránṣẹ́ lánàá, ó ní òun ń jowú mi pé mò ń gbọ́ àkùkọ lówùúrọ̀. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi tí mò ń jowú rẹ̀ láti ìgbà tó ti já pa.

Mo ṣí ìwé pupa tí mo kọ àwọn ohun tí mo fẹ́ ṣe sí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ṣí i. Ojú ìwé tí mo kọ ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, "Kí n tó pé ọgbọ̀n". Nǹkan mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, mo ti fàlà sí mẹ́rin. Mo kà á wò fínnífínní lálẹ́ yìí. Yíyan gaàrí ò sí níbẹ̀. Jíjókòó ti Ìyá Àgbà ò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàsáráwá tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka aago ò sí níbẹ̀. Títẹ̀wé ò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún 21 tó kọ ọ́ ò mọ̀ mí rárá, mo sì ń jẹ́ kó máa dá mi lẹ́jọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Mi ò fa á ya o. Ilé Màmá ṣì wà níbẹ̀, mo ṣì fẹ́ kọ́ ọ. Mo kàn ṣí ojú ìwé mìíràn. Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ̀kú béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá mo lè máa bá wọn tọ́jú ìwé ọjà wọn, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, pé orí wọn ò gbé e mọ́. Mo ní màá rò ó. Kí ni mò ń rò? Excel tí mò ń kọ́ lálaalẹ́ yẹn, kí ni mò ń kọ́ ọ fún? Màá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti kọ ọ́.

Iná ti dé báyìí. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo tẹ ìwé ọmọ yẹn. 1998 ni mo fi sí i. Mo wá inú àwọn ìpolówó tó wà lọ́wọ́ mi, mo rí méjì tí kò béèrè ọjọ́ orí, ọ̀kan ní Ṣàgámù, ọ̀kan ní Ọ̀tà, mo kọ wọ́n sórí bébà kan kí n lè fún un pẹ̀lú rẹ̀. Bóyá á gbà á. Bóyá á bínú, á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, wọn á bá a tẹ 2001, wọn ò tiẹ̀ ní bi í léèrè.

Bó bá dé, màá kọ́kọ́ sọ fún un pé íǹkì wà lánàá.